Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ adìyẹ ìjọba, ẹ jẹ́ kọ́mọ wa náà jẹun

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí o. Ọ̀gá kan ló wà lórí rédíò láàárọ̀ àná tó ń sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìsìnyí ti ya ọ̀lẹ, pé kí kálukú lọ wá bó ṣe máa jẹun, ìjọba kì í ṣe ìyá olóúnjẹ. Hà! Ẹgbẹ́ wa mà ni ọkùnrin yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ tí ìjọba ń san lára owó rẹ̀ lòun náà fi jẹun yó ní yunifásítì. Wọ́n jẹun tán, wọ́n wá gbé abọ́ pamọ́ fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Moremi Hall lèmi wà n'Ífẹ̀, nígbà tó ṣì ń jẹ́ University of Ife, kí wọ́n tó yí i sí orúkọ Awólọ́wọ̀ ní 1987. ₦1.50 loúnjẹ oòjọ́, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ìgbà tí wọ́n ní á di ₦2 ní 1978 ńkọ́, ṣebí ẹ rántí "Ali Must Go", ìwọ́de táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ní kí Ahmadu Ali, kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, kúrò nípò, gbogbo ìlú dàrú, wọ́n yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ l'Ékòó àti ní Zaria, torí 50 kọ́bọ̀! Ti ọjọ́ Sunday wá ni ká sọ, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ, àwọn kan nínú wa á ti fi tíṣù wé itan adìyẹ sínú báàgì (mi ò ní sọ ọmọkùnrin Fajuyi Hall tí wọ́n ń gbé e lọ fún o). Téèyàn bá ti yó, ó di láíbìrì, kò sẹ́ni tó ń ronú alẹ́. Àfi ní 1984 tí ìjọba ológun ní àwọn ò bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́.

Mo lọ wo ọmọ-ọmọ mi nílé ìwé gíga kan láìpẹ́ yìí, kọ́rídọ̀ ló ti ń dáná, sítóòfù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa omi ìwẹ̀, gàárì ló mu lọ sí kíláàsì, ó ní "Màmá, ẹ má ṣèyọnu, ó ti mọ́ mi lára." Òun ni wọ́n ń pè lọ́lẹ o! Àwọn tó jẹ adìyẹ ìjọba ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Káfítéríà àti tíkẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n dá padà jàre. Mi ò ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ọ̀sán nìkan ná. Kí ìjọba san ìdajì kí òbí san ìdajì, ká san án pọ̀ mọ́ owó ilé ìwé. Ẹ̀wà, èlùbọ́, gàárì, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ìtòsí ni kí wọ́n ti máa rà á, kì í ṣe kọngílá Àbújá, torí tó bá ti dé ọwọ́ kọngílá, omi ọbẹ̀ lásán lọmọ máa lá. Káwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn yan ẹni tí á máa tọ́ oúnjẹ wò kí wọ́n tó bù ú, kí wọ́n sì máa lẹ iye tí wọ́n ra ọjà mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ayé á ti rí i.

Họ́stẹ́ẹ̀lì náà, kí wọ́n kọ́ kún un. Iná àtomi, kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì,
Iléṣà.