Omi àbàtà tó ń dán ní Kétu

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), alẹ́ Àìkú

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú àjò, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo ti dé Kétu bí o ṣe rán mi, mo sì rí omi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ní epo rọ̀bì ń sun sí lẹ́yìn oko.

Lóòótọ́ ló ń dán, bí ọrùn ẹyẹlé. Mo ṣẹ́ igi, mo fi tọ́ ojú omi náà. Ó fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo, àwọn àfọ́kù náà kò sì padà lẹ̀ mọ́ra. Epo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kán kpayo, bẹntiróòlù ẹ̀bá ọ̀nà, sínú báàsìn omi, kí o fi igi là á: kíá ló ń pa dé. Irin tó dógùn-ún nínú omi ló fa ti Kétu, àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fi irin náà ṣe oúnjẹ. Ojú ẹ̀gbọ́n rọ.

Ló bá tún gbé òkúta dúdú kan jáde. Ọkùnrin kan ti gbowó lọ́wọ́ ẹbí lórí rẹ̀, ó ní ìyá epo ni. Mo gbé e wò: ó wúwo, ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ bí àkàrà. Ìdàrọ́ ni, ohun tí àwọn tó ń yọ́ irin láyé àtijọ́ dà nù!

O rántí bí ìyá mi ṣe ń se àdín àgbọn? Àgbọn tí kò lọ́ràá, wàhálà lásán. Iná tí kò tó, kò sí àdín. Ó pẹ́ jù, ó jóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta tó ń bí epo. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni tẹ́lẹ̀, tí ohun alààyè kú sí, tó wá le. Wọ́n á kọ́kọ́ wọn kábọ́nù ohun alààyè inú rẹ̀: bí kò bá tó ìdajì ẹyọ kan nínú 100, wọ́n á fi sílẹ̀, bó bá lé ní 2, ó dára. Ewéko wẹ́wẹ́ inú omi ló ń mú epo wá. Igi àti ewé orí ilẹ̀, gáàsì ló pọ̀ nínú tiwọn.

Ó wá ku iná. Àwọn Faransé ṣe ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Rock-Eval. Wọ́n á lọ òkúta náà kúnná, ohun tí wọ́n á bù kò tó gíráàmù kan, ẹ̀rọ á wá máa gbóná láti ìwọ̀n 300 ti Celsius lọ sókè. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni epo tó ti wà níbẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e ni èyí tí òkúta ṣì lè bí. Ìwọ̀n ooru tí ìkejì yìí ti pọ̀ jù ni wọ́n ń wò: kò tó 435, òkúta ò tíì jinná, láti 435 dé nǹkan bí 470, ó jinná fún epo, ó kọjá ìyẹn, ó di gáàsì. (Nínú ilẹ̀, ooru bíi 60 sí 120 ló ń ṣe é, àmọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún ni ilẹ̀ fi ń se é. Ẹ̀rọ kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.)

Irú ooru yẹn, ó di nǹkan bíi kìlómítà méjì nísàlẹ̀. Ní Kétu, iyanrìn àti amọ̀ kò nípọn tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀, ẹ ò ní pẹ́ kan òkúta líle irú ti ìlú Sábẹ̀ẹ́. Ìhà òkun ló ti nípọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ nínú òkun Sèmè, nítòsí wa níbí, ni wọ́n ti rí epo ní 1968, tí wọ́n sì fà á láti 1982 di 1998.

Ọkùnrin yẹn ń padà bọ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ láti gba owó tó kù. Jọ̀ọ́, pe ẹ̀gbọ́n kó tó dìgbà yẹn. Èmi sọ̀rọ̀ títí, ó ní tíṣà ni mí, kí ni mo mọ̀ nípa epo. Ìwọ tó wà ní Gabon, ilẹ̀ elépo, bó tilẹ̀ jẹ́ búrẹ́dì lò ń ṣe níbẹ̀, á gbọ́ tìrẹ.

Èmi ni,
Láńre