Gbèsè Tí Ọ̀rẹ́ Rẹ Fi Sílẹ̀

Àkànní ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á sétí ìyá rẹ, kò fọhùn, ó kàn dìde lọ koná mọ́ ìkòkò. Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù yín tó kógbá sílé ló dùn mí, ọjà a máa kùtà. Ibi tí o ti ní o fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ, kí àwọn tí ẹ gba ọjà àwìn lọ́wọ́ wọn má baà rí ọ mọ́, ibẹ̀ ni oorun ti dá lójú mi. O ní ọ̀rẹ́ rẹ ló náwó tó sì sá lọ.

Ìwọ tó fẹ́ di lọ́yà, tó o sì ń sọ pé òṣèlú ló kàn, jọ̀wọ́ gbọ́ ti Abraham Lincoln. Mo fi ìtàn rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé títí mo fi fẹ̀yìntì, ibi tí mo sì fẹ́ràn jù ṣáájú ìgbà tó di ààrẹ Amẹ́ríkà ni.

Ilé onígi ni wọ́n bí i sí ní Kentucky lọ́dún 1809. Gbogbo ilé ìwé tó lọ, tí a bá pa á pọ̀, kò pé ọdún kan. Ní New Salem, abúlé kékeré kan ní Illinois, òun àti William Berry jọ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, àwìn ni wọ́n fi ra púpọ̀ nínú ọjà. Ọjà ò tà. Berry kú lọ́dún 1835, gbogbo gbèsè náà, bíi $1,100, sì já lé Lincoln lórí. Ó pọ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ń pè é ní gbèsè orílẹ̀-èdè.

Nílẹ̀ tuntun bẹ́ẹ̀, onígbèsè lè di ẹrù lóru kó gba ibòmíràn lọ. Lincoln dúró. Ilẹ̀ wíwọ̀n ló fi ń jẹun. Wọ́n gba ẹṣin rẹ̀, gàárì rẹ̀ àti irinṣẹ́ tó fi ń wọnlẹ̀, wọ́n lù wọ́n ní gbàǹjo. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, James Short, ló rà wọ́n, tó sì kó wọn padà fún un. Àkànní, ta ni yóò ra ẹṣin padà fún ẹni tó ń sá kiri? Ó wọ ilé aṣòfin Illinois ní 1834, ó gba ìwé àṣẹ lọ́yà ní 1836, ó ṣì ń san owó ọ̀hún díẹ̀díẹ̀.

Gbèsè oore, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé pàápàá, ó san án. Hannah Armstrong ló máa ń bọ́ ọ ní New Salem, tó ń bá a tún aṣọ tó ya rán. Ní 1858, nígbà tí obìnrin yìí ti di opó, wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kan Duff ọmọ rẹ̀. Lincoln gbéra lọ sí kóòtù ní Beardstown. Ẹlẹ́rìí ní òṣùpá tó mọ́lẹ̀ rokoṣo ló jẹ́ kí òun rí Duff. Lincoln fa álímánáàkì yọ, ìwé tó ń sọ ìgbà tí òṣùpá ń yọ àti ìgbà tó ń wọ̀: òṣùpá ti ń lọ wọ̀ lákòókò yẹn! Wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀, Lincoln kò sì gba owó kankan.

Mi ò sọ pé kò ṣàṣìṣe o. Ní 1847 ó ṣe lọ́yà fún ọkùnrin kan tó ní ẹrú, láti bá a gba obìnrin kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ padà sóko ẹrú. Ó pàdánù ẹjọ́ náà, inú mi sì dùn pé ó pàdánù.

Má pààrọ̀ nọ́ńbà. Pe màmá aláṣọ tí ẹ gba ọjà àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, kó tó pè ọ́, kí o sọ iye tí apá rẹ lè ká lóṣooṣù. Mo ti gba owó ìfẹ̀yìntì, mo fi díẹ̀ rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Sátidé, ìyá rẹ sì di ẹ̀lùbọ́ mọ́ ọn. Ti màmá aláṣọ ni owó yẹn. Ẹ̀lùbọ́ ni tìrẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ