Ọ̀rá tó ń mú ara gbóná kò tíì rọ́pò oògùn àtọ̀gbẹ

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo dúpẹ́ fún ìròyìn yín lórí ọ̀rá aláwọ̀ búráùn, ìyẹn irú ọ̀rá inú ara tó ń mú ara gbóná, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ fi kún un pé kò tíì di ìwòsàn àtọ̀gbẹ. Lóòótọ́, láti ọdún 2009 ni àwọn onímọ̀ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn àgbàlagbà pàápàá ní in lágbègbè ọrùn, tó sì ń jó ṣúgà àti ọ̀rá nígbà tí òtútù bá mú wa. Àmọ́ tàwọn tó sanra jù kì í sábà ṣiṣẹ́ tó.

Ìyá alátọ̀gbẹ kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kangun sí tèmi ti ń fi omi tútù wẹ̀ ní ìdájí kí ọ̀rá yìí lè ṣiṣẹ́, ó sì ti pa oògùn tì. Páálí oògùn náà wà lábẹ́ igbá èlùbọ́, kò tíì ṣí i. Ó dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

Oníṣòwò, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.