Ẹsẹ̀ Tí Ẹ Fi Rìn Wá Kò Ní Kọ: Ọ̀rọ̀ Ìdúpẹ́ láti Ọ̀dọ̀ Ẹbí Bàbá Alágogo, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin òbí àwọn ọmọ pápá, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àná àti tòní, ọkàn wa ti balẹ̀ wàyí tí a fi lè jókòó kọ̀wé. Wọ́n ti tú kánópì, àga ti padà sọ́dọ̀ ẹni tí a háyà wọn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ wá ti gba owó rẹ̀, Bàbá sì ti sun oorun ọjọ́ méjì gbáko, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìpalẹ̀mọ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. A kò fẹ́ kí wọ́n ka ẹbí wa mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ayẹyẹ ọdún 75 Bàbá ni àwa ọmọ ń gbèrò, Bàbá sì ní òun kò fẹ́ kéèkì, òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ owó mọ́ òun níwájú, pé bí owó bá wà lọ́wọ́ wa, kí a fi yẹ́ àwọn ọmọ tó ta yọ nínú ẹgbẹ́ eléré ìje tí òun ń kọ́ sí, kí wọ́n sì jókòó síbi tó yẹ kí ẹbí jókòó. Mo jẹ́wọ́ pé èmi tí mò ń kọ èyí, tí mo jẹ́ àkọ́bí, ni mo bá a jiyàn jù. Mo ní kí ni àwọn ènìyàn yóò wí bí wọ́n bá dé tí wọn kò bá ọlọ́jọ́ ìbí lórí àga ńlá. Ẹ̀yin tí ẹ rí ojú Bàbá ní ọjọ́ Sátidé ti dá mi lóhùn.

Ẹ kọ́kọ́ gba ọpẹ́ ti òjò. Nígbà tí ojú ọjọ́ ṣú, tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ kánópì sókè, a rò pé ètò ti dàrú, ṣùgbọ́n ẹ kò lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò di irin kánópì mú fún nǹkan bíi wákàtí kan, omi ń ṣàn lára yín, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ìyá wa fa àga sún mọ́ àárín, ẹ fi ìborùn yín bo orí àwọn ọmọ kéékèèké tí ẹ kò bí, tí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn. Òjò ìbùkún ni yóò máa rọ̀ sí ilé yín, kì í ṣe òjò tó ń ṣí òrùlé.

Ọmọbìnrin wa tó ń sá 400 mítà ni wọ́n kọ́kọ́ pè, Bàbá kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ka ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ rántí bí ó ṣe gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ adarí ètò, tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti mọ̀ sórí: ìtàn Falilat Ogunkoya, ọmọ Òde-Lẹ́mọ, tó sá 400 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 49.10 ní Ìdíje Òlímpíìkì ti Atlanta lọ́dún 1996, tó fi gba àmì ẹ̀yẹ idẹ lẹ́yìn Marie-José Pérec ti ilẹ̀ Faransé àti Cathy Freeman ti Ọsirélíà, tí kò sì sí obìnrin Nàìjíríà tó tíì sá a yá jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ọjọ́ náà. Ohun tí Bàbá fẹ́ kí a gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé Òde-Lẹ́mọ kò jìnnà sí wa. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ náà, tí omijé kì í yọ lójú rẹ̀ kódà bí ó bá ṣubú lórí pápá, fi ojú pamọ́ sí èjìká ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. A mọ iye ìgbà tí ẹ ti pa ìsọ̀ dé kí ọmọ yìí lè dé pápá lásìkò.

Ọmọkùnrin wa tó ń fo fífò gígùn, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń sá 100 mítà, àti àwọn mẹ́rin tí wọ́n ń gba igi ìje lọ́wọ́ ara wọn: ẹ ti rí wọn, ẹ ti pàtẹ́wọ́ fún wọn, Elédùmarè yóò túbọ̀ gbé wọn ga.

Àforíjì ńlá kan wà nílẹ̀. Omi òjò ló jẹ́ kí káàdì tí a kọ orúkọ ọmọkùnrin wa tó ń ju ọ̀kọ̀ sí lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn káàdì mìíràn, a sì pe gbogbo àwọn yòókù tán, àdúrà ìparí ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ìyá àgbà kan tó béèrè pé ọmọ tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn ńkọ́. Ẹ̀bi ẹbí wa ni, kì í ṣe ti adarí ètò. Nígbà tí wọ́n yẹ́ ẹ sí tán, Bàbá mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó sì sọ ìtàn Ìdíje Òlímpíìkì ti Sydney fún un: bí àwọn ọkùnrin Nàìjíríà tó sá ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin ti 400 mítà ṣe gba fàdákà lẹ́yìn Amẹ́ríkà lọ́dún 2000, bí ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, Antonio Pettigrew, ṣe jẹ́wọ́ lọ́dún 2008 pé òun lo oògùn tí òfin eré ìdárayá kà léèwọ̀, àti bí ó ṣe di ọdún 2012 kí wúrà tó di ti Nàìjíríà, nígbà tí Sunday Bada, ọ̀kan nínú àwọn tó sá a, ti kú ní ìparí ọdún 2011. Bàbá ní, "Ọdún méjìlá ni ti àwọn yẹn fi pẹ́. Tìrẹ, ogún ìṣẹ́jú péré." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, àwa náà sì mí kanlẹ̀. Síbẹ̀, a tún ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, a ó sì fi ẹsẹ̀ wa tọ̀ yín wá sílé.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Bàbá káfíńtà wa, ẹ má bínú pé a ó sọ̀rọ̀ yín ní gbangba, torí a mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn ariwo. Ẹ̀yin àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá lè má mọ̀ pé kò sí ọ̀kan nínú igi ìdènà tí àwọn ọmọ wa ń fò tí a rà lọ́jà. Bàbá káfíńtà ló kàn wọ́n. Ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ mú téèpù ìwọ̀n dé ìsọ̀ wọn, ó ní mẹ́wàá ni òun fẹ́ fún 100 mítà onídènà ti àwọn obìnrin: mítà 13 láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ dé àkọ́kọ́, mítà 8.5 láàrín ọ̀kan sí èkejì, mítà 10.5 láti ìkẹwàá dé ibi ìparí, kí gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 83.8. Bàbá káfíńtà bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kó jẹ́ mẹ́jọ kí pákó lè tó. Bàbá ní bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, eré tí kò sí níbì kankan láyé ni òun yóò máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n kàn, inú ilẹ̀ ni wọ́n ri wọ́n mọ́ bí ọgbà, ọmọ kan sì fi ojúgun gbá a, awọ ojúgun bó. Igi ìdènà kò gbọdọ̀ dúró gbọin bẹ́ẹ̀. Ṣe ló yẹ kí ó ṣubú bí ẹsẹ̀ bá kàn án. Kò sí ẹni tó bá Bàbá káfíńtà wí, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti wá hú gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún wọn kàn, wọ́n fún wọn ní ẹsẹ̀ gígùn tó kọjú sí ibi tí sárésáré ti ń bọ̀, kí igi lè dojú dé síwájú wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni kan bá gbá a. Owó pákó nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa. Owó iṣẹ́, títí di òní, wọ́n ní kí a ṣì dúró ná.

Àwọn ni Bàbá ránṣẹ́ pè ní òru mọ́jú ọjọ́ Ajé, 25 oṣù Keje ọdún 2022, nígbà tí ọjọ́ Àìkú kò tíì tán ní Amẹ́ríkà, tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde wa níbí, ń sá 100 mítà onídènà níbi ìdíje àgbáyé ní Eugene. Ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ni ó ti sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, tó fi pa 12.20, àkókò tó yá jù láyé tí Kendra Harrison ará Amẹ́ríkà ti ń dì mú láti ọdún 2016, rẹ́. A rò pé ẹ̀rọ ló ṣìnà. Nígbà tí àṣekágbá dé, 12.06 ni ó sá, ó gba wúrà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ju 2.0 tí òfin gbà lọ, nítorí náà 12.12 ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkókò tó yá jù láyé. Bí gbogbo wa ṣe ń pariwo nínú pálọ̀, tí àwọn ará ilé kejì ń jí, Bàbá káfíńtà ń fi ìka kà. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n rọra sọ pé, "Mẹ́wàá ni lóòótọ́."

Ẹ̀yin náà wá rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. A kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Bí wọ́n ṣe pe ọmọbìnrin wa tó ń fo ìdènà ni Bàbá káfíńtà gba ẹ̀gbẹ́ wọlé pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn igi àkọ́kọ́ ìjelòó, èyí tí wọ́n ti fún ní ẹsẹ̀, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, tí wọ́n tọ́jú sí ẹ̀yìn ìsọ̀ wọn láti gbogbo ọdún wọ̀nyí. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sáàárín, wọn kò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà wọ ìró àti bùbá, gèlè rẹ̀ le ṣánṣán. Ó bọ́ bàtà, ó ká ìró sókè (ṣòkòtò ìdárayá wà nísàlẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run), ó sáré bọ̀ láti ẹnu géètì, ó sì fò ó. Gèlè bọ́ sórí tábìlì àwọn àlejò wa kan, a sì ń bẹ̀ wọ́n nítorí ọbẹ̀ tó dà sí wọn láṣọ. Bàbá, tó ti ń fi ọ̀pá rìn, dìde láìbèèrè ọ̀pá, agogo tí ó fi ń ka àkókò eré wà lọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, tí gbogbo wa ń dúró de ọ̀rọ̀ ńlá, ohun tí ó sọ ni pé, "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ ṣì ń pẹ́."

Bàbá káfíńtà fi fìlà bojú. Ẹ̀yin bàbá wa, ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n, ayùn yín kò ní kú, ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ yín kàn yóò máa gbé yín dé iwájú àwọn ọba, àwọn ọmọ tí ẹ bí yóò fo gbogbo ìdènà ilé ayé láìfarapa.

Ìyá Ẹlẹ́wà, gbèsè tí ẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé láti kọ sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ti pápá dé, Ọlọ́run kò gbàgbé rẹ̀. Dírẹ́bà wa tó kó àwọn ọmọ lọ wo Ìdíje Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè ní pápá Kútọ̀, l'Ábẹ́òkúta, nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2025, tó dúró dè wọ́n di alẹ́, tó sì gba owó epo nìkan, òpópónà kò ní pa yín. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àná tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston, bàtà oníìṣó yín dé, ó sì ti wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ, àyàfi bàtà ọ̀tún méjì kan tó dé láìsí tòsì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo inú ilé dáadáa.

Àwọn alásè, onílù, ayàwòrán, Pásítọ̀, Álífáà, ẹgbẹ́ àwọn onílé, àwọn tó darí ọkọ̀ lójú títì, àwọn tó fi owó ránṣẹ́ tí wọ́n ní kí a má dárúkọ àwọn: ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

A mọ̀ pé a ó ti gbàgbé ẹnìkan. Bí orúkọ yín kò bá sí níbí, tàbí tí oúnjẹ kò dé tábìlì yín nítorí àwọn tó jókòó lẹ́yìn pọ̀ ju bí a ti ṣírò lọ, tàbí tí ẹ lọ láìgba táwẹ́ẹ̀lì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ìrántí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì wá. Òjò àti àárẹ̀ ló fà á, kì í ṣe àìkàsí. Ìyókù ìrántí náà wà nílé, ẹ wá gbà á. Agbòòrùn mẹ́ta, ẹyọ bàtà obìnrin kan àti awò ojú kan sì wà lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin.

Ọlọ́run yóò san án fún yín ní ìlọ́po-ìlọ́po. A kò ní sáré pàdé aburú, ire ni yóò máa sáré pàdé wa. Ayọ̀ ni a ó máa fi san án fún ara wa. Bí ó bá yí kàn yín, a ó wá kí òjò tó ṣú, a ó sì di irin kánópì mú.

Àwa ọmọ, ìyàwó àti ọmọ-ọmọ Bàbá Alágogo,
Ìjẹ̀bú-Òde.