"Lopsided" kì í ṣe ojúsàájú

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àkúrẹ́ ni a ti ń kọ lẹ́tà yìí, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, "lopsided", ló ń fa ọ̀rọ̀ wa. Bó bá ti yọjú nínú ìròyìn tí àwọn akọ̀ròyìn ń túmọ̀, "ojúsàájú" ni wọ́n máa ń sáré fi rọ́pò rẹ̀. Ó ń dùn wá, nítorí ìwà ọmọ ènìyàn ni ojúsàájú. Lopsided kò sọ ìwà ẹnikẹ́ni. Bí nǹkan ṣe rí ló sọ: ó fì sápá kan, kò gún régé.

"Lop" inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe etí ehoro tó rọ̀ wálẹ̀ dípò kó nà sókè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1700, ọkọ̀ ojú omi tí kò jókòó dáadáa lórí omi ni wọ́n ń lo "lopsided" fún.

"Àìdọ́gba" tí àwọn mìíràn ń lò kò tó o náà. Ẹ wo ọkọ̀ akẹ́rù tó kó pákó láti ìlú Oǹdó wọ Àkúrẹ́. Bí wọ́n bá to pákó tútù sápá òsì, tí wọ́n to gbígbẹ sápá ọ̀tún, iye pákó lè dọ́gba gẹ́lẹ́ kí ọkọ̀ ṣì fì sósì, torí pákó tútù wúwo ju gbígbẹ lọ. Ọkọ̀ náà ti di lopsided. Ta ló ṣojúsàájú níbẹ̀?

Nínú eré bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ náà kò le. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 2014, Jámánì na Brazil ní 7 sí 1 nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Irú èsì bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lopsided. Ẹ kọ ọ́ pé Jámánì fàgbà han Brazil, ó parí. Ẹni tó bá pè é ní èsì olójúsàájú ti fẹ̀sùn kan rẹfirí láìmọ̀. Bákan náà ni ìbò tó rọ́ sọ́dọ̀ olùdíje kan ṣoṣo: kò túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe màgòmágó.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni kí ẹ ti ṣọ́ra jù. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 147(3), ní kí ààrẹ yan mínísítà kan, ó kéré tán, láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ tán kí àwọn ipò tó lágbára jù tún rọ́ sí agbègbè kan. Ìyẹn ni àwọn alátakò ń pè ní "lopsided appointments", abala 14(3) ni wọ́n sì máa ń tọ́ka sí, èyí tó ní kí ará ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ má pọ̀ lápọ̀jù nínú ìjọba. Ẹ kọ "ìyànsípò tó fì sápá kan", kí ẹ sì dárúkọ apá náà. Bí ìròyìn kò bá sọ apá tó fì sí, ẹ padà bi ẹni tó kọ ọ́. Bí olùsọ̀rọ̀ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ "bias" tàbí "nepotism", nígbà náà ni ojúsàájú tó wọlé. Ẹ má fi ẹ̀sùn tí ènìyàn kò fi kan ẹnikẹ́ni sí i lẹ́nu.

Ojú ewé ìlera ló ká wa lára jù. Nínú ìtàn àròsọ, "lopsided smile" lè jẹ́ ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu lásán. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá sọ pé ojú aláìsàn di "lopsided" lójijì, "ojú tí kò dọ́gba" kò ní la ẹnikẹ́ni lójú. "Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan" ni gbogbo ilé mọ̀. Ẹ fi kún un pé kí àwọn ará ilé ní kí aláìsàn náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ kan kò gbéra. Kó na apá méjèèjì síwájú, bóyá ọ̀kan ń já wálẹ̀. Kó sọ̀rọ̀, bóyá ahọ́n rẹ̀ ń lọ́. Bí ẹyọ kan péré nínú wọn bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀: kí wọ́n wo aago kí wọ́n lè mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ kò wúlò fún gbogbo aláìsàn, ẹni tó sì wúlò fún, láàárín wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń fún un.

Àwa olùkọ́ ògbufọ̀,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.