Ìpàdé Sátidé: Ẹ Mú Káàdì Ìdìbò Yín Dání

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò wa, a kí yín o.

Ìpàdé wa bọ́ sí Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níbi tí a ti máa ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ ìbò la fẹ́ sọ.

Ní Abẹ́òkúta wa níbí, láyé ọjọ́un, àwọn ìyá wa ń san owó orí, ohùn wọn kò sì dé ibi tí wọ́n ti ń ná an. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọjà kọ̀ jálẹ̀. Ní 1947 wọ́n jókòó síwájú ààfin Aláké tilẹ̀ fi mọ́, orin ni wọ́n ń kọ. Nígbà tó di 1948, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró. Nínú ìbò àpapọ̀ 1959, obìnrin Gúúsù dìbò. Àwọn ti Àríwá ṣì dúró di 1979. Ẹ ò rí i pé kò tíì pẹ́ rárá!

Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí pé àwọn kan nínú wa kò tíì gba káàdì. Ẹni tí kò bá ní, kó sọ fún mi kó tó di Ọjọ́bọ̀, ká jọ lọ forúkọ sílẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́