Ìyá Ìbejì, gbọ́ ohun tí Táíwò ṣe

Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Ajé.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ọ̀hún ti dín díẹ̀? Èmi àti àwọn ìbejì rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi náà wà, a dúpẹ́. Owó ilé-ìwé tó o fi ránṣẹ́ dé, mo ti san án. Ibà ti fi Kẹ́hìndé sílẹ̀, ó ti ń jẹ iyán padà. Wọ́n ti kan páànù tí atẹ́gùn ṣí. Ọ̀rọ̀ Táíwò gan-an ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé yìí, torí bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, wàá já a gbà mọ́ mi lẹ́nu kí n tó débi tó dùn.

Kẹ́hìndé ti sọ fún ọ pé wọ́n na Táíwò láàárọ̀ Sátidé níbi ìdíje chess àwọn ọmọdé ní Alágbàká. Òótọ́ ni. Ó fi bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tọrẹ ní h7, ilé kan nítòsí ọba ọ̀tá lórí pátákó, nígbà tí ẹṣin ọ̀tá ṣì wà ní f6 tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ẹṣin yẹn jẹ bíṣọ́ọ̀bù náà, ọba ò tilẹ̀ mira, ó parí. Ibẹ̀ ni Kẹ́hìndé bá ọ̀rọ̀ dé tó o fi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, tó o ní oníwàdùwàdù ni Táíwò, kó gbé chess tì títí yóò fi ṣe Junior WAEC tán. Kò jẹ́ kó o gbọ́ tọ̀sán.

Lọ́sàn-án, wọ́n fi í kàn ọmọkùnrin kan tó wá láti Òǹdó, ọmọ gíga, aṣọ rẹ̀ funfun báláú. Táíwò ló ni funfun. Wọn kì í jẹ́ kí òbí sún mọ́ tábìlì, ojú fèrèsé ni mo dúró sí. Ó ti pawn rẹ̀ kan, ẹyọ kékeré iwájú, lọ sí e5, ẹṣin ọmọ náà sá kúrò ní f6, ó lọ sí d7. Bíṣọ́ọ̀bù dúdú kan ti lọ jókòó sí b4 lọ́hùn-ún. Ọba dúdú sì ti sá wọ igun rẹ̀ tipẹ́, ó rò pé ilé lòun wà.

Ìyá Ìbejì, mo rí i tí ọmọ rẹ fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìdí. O mọ̀ pé ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ẹyọ gbọ́dọ̀ gbé e. Ó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀, aago ń lọ, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kà á. Ó pẹ́ débi pé ọmọ ará Òǹdó dìde lọ mumi. Nígbà tó padà dé, Táíwò yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde, ó gbé bíṣọ́ọ̀bù, ó fi jẹ pawn h7. Ṣẹ́ẹ̀kì! Ó ti halẹ̀ mọ́ ọba.

Ọba jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ẹṣin Táíwò fò sí g5, ṣẹ́ẹ̀kì. Ayaba dúdú lè jẹ ẹṣin yẹn o, àmọ́ bíṣọ́ọ̀bù Táíwò kejì wà lẹ́yìn tó ń retí ayaba ọ̀hún. Ọba padà sí g8. Ni ayaba Táíwò bá jáde sí h5. Ọmọkùnrin náà gbé rook rẹ̀, ẹyọ tó dà bí ilé ìṣọ́, sí e8 kí ọba lè rọ́nà sá gbà, ibẹ̀ gan-an ló ti há. Ayaba Táíwò jẹ pawn f7, ṣẹ́ẹ̀kì, ó padà sí h5, ṣẹ́ẹ̀kì, h7, ṣẹ́ẹ̀kì, h8, ṣẹ́ẹ̀kì, ọba sá dé e7, ayaba jẹ g7, ọba ò ríbi sá sí mọ́, ó tán. Rook dúdú, ẹṣin dúdú, ayaba dúdú, àwọn fúnra wọn ló dí ọba wọn lọ́nà. Mo pariwo lójú fèrèsé, rẹfirí wò mí, n ò dáhùn.

Mo bi Táíwò pé kí ló rí lọ́sàn-án tí kò rí láàárọ̀. Ó ní, “Ẹṣin yẹn ni mo kọ́kọ́ wá, Mọ́mì. Kò sí níbẹ̀ mọ́.” Ṣé ọmọ tó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní oníwàdùwàdù?

Mo mọ bí ìwọ ṣe máa ń ta tìrẹ ní FUTA. Wàá to gbogbo pawn síwájú ọba bí ẹni mọ odi, wàá máa retí kí èmi ṣìnà. Ó dára, o sì máa ń nà mí. Ṣùgbọ́n ti Táíwò yàtọ̀, kì í sì í ṣe ìwà ọmọdé. Olùkọ́ wọn ní Greco, ará Ítálì, ti kọ ọ̀nà yìí sílẹ̀ láti nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn. Mikhail Tal, ará Latvia, tó máa ń fi ẹyọ rẹ̀ tọrẹ báyìí, ọmọ ọdún 23 ni nígbà tó gba adé àgbáyé ní 1960. Nígbà tí Tunde Onakoya sì fi 60 wákàtí ta chess ní Times Square lọ́dún 2024, ta ló pè mí lóru pé kí n jí àwọn ìbejì kí wọ́n wá wò ó? Ìwọ ni. Ibẹ̀ ló ti wọ Táíwò lára.

Láti ìgbà tó o ti lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Kẹ́hìndé ń sunkún, ó ń bínú, ó ń rẹ́rìn-ín, a mọ ibi tó wà. Táíwò á ní “ó dáa, Mọ́mì,” á wọ yàrá. Àyà mi ń já sí i. Lálẹ́ Sátidé, ó to ẹyọ sílẹ̀ fún èmi àti Kẹ́hìndé, ó tún gbogbo rẹ̀ ta láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ títí NẸ́PÀ fi mú iná. Mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ látọdún tó kọjá. Sọ fún mi, báwo ni mo ṣe máa gba pátákó lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Wọ́n ti mú un fún ìdíje ti Ìbàdàn nígbà ìsinmi. Ìdánwò á ti parí nígbà yẹn, mo ti bi wọ́n ní ilé-ìwé. Òbí gan-an ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, wọn ò gba tèmi. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀ sí ọ lórí WhatsApp, ojú ìwé kejì ni ibi tí wàá fọwọ́ sí. Jọ̀ọ́, fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Kó o sì pè é, òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe Kẹ́hìndé. Má bi í léèrè ipò tó mú. Bi í nípa ẹṣin f6.

Bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni,
Ìyá Ayọ̀.